Ojú Ọmọdé àti Eré Ọkọ̀: Ẹ̀bi Ta Ni?

Nígbàkígbà tí ọkọ̀ bá kọlu ọmọ ilé-ìwé lójú títì, ẹjọ́ náà kì í pẹ́ dá. Kí wọ́n tó gbé ọmọ náà dé ilé ìwòsàn, àwọn tí ó pé jọ ti dá a tán: ọmọ náà kò wo ọ̀tún, kò wo òsì, ó kàn já lu títì ni. Awakọ̀ á búra pé òun kò sáré púpọ̀, àwọn èrò ọkọ̀ á gbè é lẹ́sẹ̀, àwọn àgbà á mi orí. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá sì mọ́, olùkọ́ á pe gbogbo ọmọ ilé-ìwé jọ, á kìlọ̀ fún wọn pé àìgbọràn ni ó fa ohun tí ó ṣe ẹlẹgbẹ́ wọn. Báyìí ni wọ́n ti ń dá ẹjọ́ náà ní Kumasi, báyìí náà ni wọ́n ti ń dá a ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo àti ní Ìlọrin. Ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi kò sì sí níbẹ̀ láti wí tẹnu rẹ̀.

Ẹjọ́ òdì ni. Kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ọmọdé kì í já lu títì láìwò. Ọmọdé a máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ lè dúró létí títì, kí ó wo ọ̀tún àti òsì gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti kọ́ ọ, kí ó rí ọkọ̀ tí ń bọ̀ pẹ̀lú ojú ara rẹ̀, kí ó sì tún bọ́ sójú títì lọ pàdé ikú. Ọ̀tọ̀ ni kí a rí ohun tí ń bọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí a mọ ìgbà tí ohun náà yóò dé. Ojú ni ó ń ṣe ti àkọ́kọ́. Ọpọlọ ni ó ń ṣe ti èkejì, ìṣirò sì ni. Ìṣirò yìí kò tíì pọ́n nínú ọpọlọ ọmọdé. Àgbà tí ó bá jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò kọjá lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé, tí ó wá ń bá ọmọdé wí pé kò wò dáadáa, ẹrù àgbà ni ó gbé lé ọmọdé lórí.

Kumasi, olú-ìlú ilẹ̀ Àṣáńtì ní orílẹ̀-èdè Ghana, ni ibi tí ó yẹ kí a ti gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò, nítorí pé àwọn onímọ̀ ibẹ̀ kò fi ikú ojú títì mọ sí ẹkún nìkan. Wọ́n kà á, wọ́n sì wá ìdí rẹ̀. Ìlú náà kò ṣàjèjì sí ọmọ Yorùbá. Kí ìjọba Ghana tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ oníṣòwò láti ilẹ̀ Yorùbá ni ó ti fi Kumasi ṣe ilé, tí wọ́n bímọ síbẹ̀, tí àwọn ọmọ náà sì ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ìwé lójú títì kan náà pẹ̀lú àwọn ọmọ Àṣáńtì.

Ní Fumesua, lẹ́bàá Kumasi, ni ilé-iṣẹ́ ìwádìí ìjọba lórí ilé kíkọ́ àti ọ̀nà ṣíṣe wà, èyí tí a mọ̀ sí Building and Road Research Institute. Francis Afukaar, ọ̀kan nínú àwọn onímọ̀ ibẹ̀, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn tí jàǹbá ọkọ̀ pa ní Ghana láti ọdún 1994 títí dé 1998, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2003. Nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ó kú, nǹkan bí 46 ni ó jẹ́ ẹni tí ń fi ẹsẹ̀ rìn. Àwọn yìí kò wọ ọkọ̀, wọn kò wa ọkọ̀. Wọ́n kàn fẹ́ sọdá, tàbí wọ́n ń rìn lọ jẹ́ẹ́jẹ́ létí títì ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà sọ nínú ìròyìn rẹ̀ ti ọdún 2018 pé kò sí ohun tí ó ń pa ọmọ àti ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 5 sí 29 láyé tó jàǹbá ọkọ̀. Ohun tí ó ń pa ọmọ ilé-ìwé ju ibà lọ kò yẹ ní ọ̀rọ̀ tí a ó fi ìbáwí òwúrọ̀ ọjọ́ kan parí.

Kí a tó lè dá ẹjọ́ náà bí ó ti yẹ, ó di dandan kí a mọ bí ọpọlọ ṣe ń mọ àkókò ohun tí ojú rí. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ojú kì í rí nǹkan ní ìgbà gan-an tí nǹkan náà ń ṣẹlẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ a kọ́kọ́ wọ inú ẹyinjú. Ara ẹ̀yìn ẹyinjú a sọ ọ́ di iṣẹ́ tí a rán. Iṣan a gbé iṣẹ́ náà la inú orí kọjá dé apá ìpàkọ́, níbi tí ìjókòó ìríran wà nínú ọpọlọ. Kí gbogbo èyí tó parí, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá ti lọ. Ó dà bí ẹni pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan ti rìn ju mítà kan àtààbọ̀ lọ láàrin ìgbà náà. Bí a bá sì ní kí àgbàlagbà tí ó ti múra sílẹ̀ tẹ nǹkan ní kété tí ó bá rí iná, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá ni yóò kọjá kí ìka rẹ̀ tó dé orí rẹ̀. Ìgbà tí ó ti kọjá ni gbogbo wa ń rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ayé àtijọ́ kò gbà pé èyí lè rí bẹ́ẹ̀. Títí di ọdún 1850 ni púpọ̀ nínú wọn rò pé iṣẹ́ tí ń gba inú iṣan kọjá yára tó bẹ́ẹ̀ tí ènìyàn kò lè wọ̀n ọ́n láéláé. Ọdún náà ni Hermann Helmholtz, ará Jámánì, wọ̀n ọ́n nínú iṣan ọ̀pọ̀lọ́, ó sì rí i pé kò ju nǹkan bí 30 mítà lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ṣùgbọ́n kí Helmholtz tó dé, ọkùnrin kan ti fi iṣẹ́ rẹ̀ dí àìmọ̀kan yìí.

Orúkọ rẹ̀ ni David Kinnebrook. Ní Greenwich, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ti ń ṣe igbákejì fún Nevil Maskelyne, ọ̀gá àgbà àwọn awòràwọ̀ ọba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa wo ìràwọ̀ bí ó ti ń kọjá níwájú okùn tín-ín-rín kan nínú awò, kí ó máa fetí sí ìró aago, kí ó sì kọ àkókò tí ìràwọ̀ náà kan okùn sílẹ̀. Maskelyne ṣàkíyèsí pé àkókò tí Kinnebrook ń kọ a máa pẹ́ ju ti òun lọ. Ó kìlọ̀ fún un. Ìyàtọ̀ náà kò dín, ńṣe ni ó ń pọ̀ sí i, títí tí ó fi di ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ní ọdún 1796, Maskelyne lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1820 ni Friedrich Bessel, awòràwọ̀ ará Königsberg, tó fi ara rẹ̀ wé àwọn awòràwọ̀ mìíràn tí kò sí ẹni tí ó lè pè wọ́n ní ọ̀lẹ, ó sì rí i pé ìyàtọ̀ àárín òun àti ọ̀kan nínú wọn ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ. Ó hàn gbangba nígbà náà pé ọpọlọ oníkálukú ni ó ní ọ̀nà tirẹ̀ tí ó ń gbà mọ àkókò ohun tí ó rí. Ṣùgbọ́n Kinnebrook ti kú ní ọdún 1802; ìdáláre dé nígbà tí ẹni tí a fẹ́ dá láre kò sí mọ́.

Àgbàlagbà ni Kinnebrook, ẹni tí a kọ́ níṣẹ́, tí ó jókòó jẹ́ẹ́ nínú yàrá tí kò sí ariwo, tí ó ń wo ìràwọ̀ tí ń rìn bọ̀ẹ̀lẹ̀. Bí ojú irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lè fi ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá yàtọ̀ sí ti ọ̀gá rẹ̀, kí ni a ń retí lọ́wọ́ ọmọ ọdún méje tí ó ru báàgì ìwé, tí ebi ń pa, tí ó dúró sáàrin ariwo ọjà Kejetia, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán?

Iṣẹ́ tí ó sì já lé ọmọ náà léjìká le ju ti awòràwọ̀ lọ. Ìràwọ̀ ń gba iwájú ẹni tí ń wò ó kọjá, a sì rí i bí ó ti ń kúrò níbì kan lọ sí ibòmíràn. Ọkọ̀ tí ń bọ̀ wá bá ẹni tààrà kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú ẹni tí ó dúró dè é, ojú kan náà ni ó wà. Ohun kan ṣoṣo tí ń yí padà lára rẹ̀ ni pé ó ń tóbi sí i. Nínú títóbi yìí ni ọpọlọ ti gbọdọ̀ mọ ìgbà tí yóò dé. David Lee, ọ̀mọ̀wé kan ní Yunifásítì Edinburgh, ṣàlàyé ní ọdún 1976 pé ọpọlọ kò nílò láti mọ bí ọkọ̀ ti jìnnà tó, tàbí bí ó ti ń sáré tó. Bí ó bá ti lè fi bí nǹkan ti ń tóbi sí i wé bí ó ti tóbi tó tẹ́lẹ̀, ó lè mọ iye ìgbà tí ó kù. Irú ọgbọ́n yìí ni aṣọ́lé ń lò láti gbá bọ́ọ̀lù mú láìṣírò ohunkóhun sórí ìwé.

Ṣùgbọ́n ọgbọ́n náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ, ibẹ̀ gan-an ni ikú sì lúgọ sí. Kí olùkọ́ mú ìwé kan, kí ó dúró sí ìkángun pápá ìṣeré, kí ó sì máa rìn bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Láti ọgọ́rùn-ún mítà dé 90 mítà, kò sí ọmọ tí yóò lè sọ pé ìwé náà tóbi sí i. Láti mítà 20 dé mítà 10, yóò di ìlọ́po méjì lójú wọn. Ìgbésẹ̀ náà kò yàtọ̀, mítà 10 ni méjèèjì. Ojú ni kò rí wọn bákan náà. Ohun tí ó jìnnà ń tóbi díẹ̀díẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọpọlọ kò fi ní mọ̀. Bí ó bá súnmọ́ tán, a wá fẹ̀ lójijì.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò tì í lẹ́yìn. Ọmọ kan fẹ́ sọdá títì tí yóò gbà á ní ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún. Ọkọ̀ tí ń sá 30 kìlómítà ní wákàtí kan, tí ó sì ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ó dé, wà ní nǹkan bí mítà 42 sí i. Ọkọ̀ tí ń sá 60 kìlómítà, tí òun náà ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí ó dé, wà ní nǹkan bí mítà 83. Ewu kan náà ni méjèèjì, nítorí pé àkókò kan náà ni wọn yóò dé. Ṣùgbọ́n èyí tí ń sáré jù wà ní ìlọ́po méjì ọ̀nà jíjìn, nítorí náà ìdajì títóbi èkejì ni ó ní lójú ọmọ náà. Bí ìṣẹ́jú àáyá kan bá kọjá, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò fi ìdá kan nínú mẹ́rin tóbi ju bí ó ti wà lọ. Ṣùgbọ́n ìdá kan nínú mẹ́rin ohun kékeré, ohun kékeré náà ni. Èyí ni ìtànjẹ tí ó wà níbẹ̀: bí ọkọ̀ bá ti ń sáré tó, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dà bí ẹni pé kò bọ̀ rárá. Ọkọ̀ tí ó yẹ kí ọmọ bẹ̀rù jù ni ojú rẹ̀ ń fi hàn án bí èyí tí ó dúró.

Ní ọdún 2011, John Wann, Damian Poulter àti Catherine Purcell, ní Royal Holloway ní Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, gbé ọ̀rọ̀ yìí dán wò. Wọ́n fi àwòrán ọkọ̀ tí ń tóbi sí i han àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn àgbàlagbà, láti mọ bí títóbi náà ti gbọdọ̀ pọ̀ tó kí oníkálukú tó lè mọ̀ ọ́n. Wọ́n rí i pé agbára yìí ń dàgbà bí ọmọ ti ń dàgbà, àti pé bí ọkọ̀ bá ń sáré ju 20 máìlì lọ ní wákàtí kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí 32 kìlómítà, ó ṣeé ṣe kí ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ má mọ̀ rárá pé ó ń bọ̀. Kì í ṣe pé ojú ọmọ náà fọ́. Lẹ́tà tí ó kéré jù lórí pátákó ni ó lè kà. Àwọn àgbà wí pé bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ojú ni aṣọ náà. Agbára láti mọ ìgbà tí ohun tí ń bọ̀ yóò dé ni àkísà, ọdún nìkan ni ó sì ń kó o jọ.

Àgbàlagbà pàápàá kò bọ́ nínú ìtànjẹ yìí pátápátá. Mark Horswill àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní ọdún 2005 pé bí alùpùpù àti ọkọ̀ ńlá bá jọ ń bọ̀ ní àkókò kan náà, ènìyàn a máa rò pé alùpùpù ni yóò pẹ́ dé jù, nítorí pé ó kéré lójú. Kí ẹni tí ó mọ bí ọ̀kadà ti pọ̀ tó ní ìlú wa ronú sí ohun tí èyí túmọ̀ sí lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé ní agogo méjì ọ̀sán.

Àwọn tí kò fẹ́ kí a yí ẹjọ́ náà padà ní èsì mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé àwọn náà sọdá títì nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ọkọ̀ kò sì pa wọ́n. Ta ni yóò wí bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ẹni tí ọkọ̀ kò pa? Àwọn tí ọkọ̀ pa kò wá sí ìpàdé àwọn òbí láti sọ tiwọn. Bákan náà, títì ìgbà náà kọ́ ni títì òde òní. Ọ̀dà kò tíì tẹ́jú bí èyí, ọkọ̀ kò tíì pọ̀ bí èyí, eré kò sì tíì yá bí èyí.

Èsì kejì ni pé ẹ̀kọ́ ni ó kù: kí á tẹnu mọ́ ọ pé kí ọmọ wo ọ̀tún, kí ó wo òsì, kí ó tún wo ọ̀tún. Àwọn tí ń tẹnu mọ́ ẹ̀kọ́ yìí kò bi ara wọn léèrè ibi tí ó ti wá. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, apá òsì ni ọkọ̀ ń gbà. Nítorí náà ọkọ̀ tí ó kọ́kọ́ lè kan ẹni tí ó bọ́ sí títì a máa ti ọ̀tún wá. Nàìjíríà yí padà sí apá ọ̀tún ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972. Ghana yí padà ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹjọ ọdún 1974. Láti ìgbà náà, òsì ni ewu àkọ́kọ́ ti ń wá. Ọkọ̀ ti yí padà láti ohun tí ó lé ní àádọ́ta ọdún; ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ọmọ pé kí ó kọ́kọ́ wo ọ̀tún, ẹ̀kọ́ ni kò tíì yí padà. Ọgbọ́n ọdún yìí, wèrè ẹ̀míì. Ṣùgbọ́n kí a tilẹ̀ tún un ṣe, kí òsì ṣáájú ọ̀tún, ẹ̀kọ́ náà kò tíì kan ojú abẹ níkòó. Ó ń kọ́ ọmọ ní ibi tí yóò yí orí sí. Kò lè fún un ní ọpọlọ tí ó lè ka ohun tí ó rí níbẹ̀.

Stina Sandels, onímọ̀ ìrònú ọmọdé ní Sweden, ti sọ èyí láti ọdún 1968, nínú ìwé tí ó kọ lórí àwọn ọmọ kéékèèké lójú títì. Ohun tí ó wí ni pé a kò lè fi ẹ̀kọ́ sọ ọmọ kékeré di ẹni tí ó tó títì kojú. Títì ni kí a tún ṣe kí ó lè bá ọmọ mu. Èyí kò wí pé kí olùkọ́ pa ẹnu mọ́. Ní Drumchapel, ní ìlú Glasgow, James Thomson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní àwọn ọdún 1990 pé ọmọ ọdún márùn-ún lè kọ́ ohun kan: ó lè kọ́ bí a ti ń yan ibi tí ó dára láti sọdá, bí ó bá jẹ́ pé etí títì fúnra rẹ̀ ni àgbà ti mú un lọ kọ́ ọ, ní ọmọ méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí ènìyàn ń sọdá ṣeé kọ́. Agbára láti mọ ìgbà tí ọkọ̀ tí ń fò bọ̀ yóò dé ni kò ṣeé fi ìlànà sínú ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé.

Èsì kẹta ni pé bí a bá ní kí ọkọ̀ máa rọra, iṣẹ́ ìlú yóò fà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí a wọ̀n ọ́n. Iwájú ilé-ìwé kì í sábà ju 200 mítà lọ. Ọkọ̀ tí ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan yóò gba ibẹ̀ kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá 12. Bí ó bá ń sá 30, yóò gbà á ní 24. Ìṣẹ́jú àáyá 12 péré ni awakọ̀ pàdánù. Kò sí òwò tí ìṣẹ́jú àáyá 12 ń bà jẹ́. Ní ti ọmọ, eré 30 yìí ni ó mú ọkọ̀ wá sábẹ́ agbára ojú rẹ̀. Òun náà ni ó sì ń yọ ọ́ bí ìkọlù bá ṣẹlẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé kọ ọ́ ní ọdún 2004 pé nínú ẹni mẹ́wàá tí ọkọ̀ bá kọlù ní eré tí kò ju 30 kìlómítà lọ, mẹ́sàn-án ni yóò yè. Ṣùgbọ́n bí eré bá ti dé 45, àwọn tí yóò yè kò tó ìdajì.

A kò sì ní láti dúró de ìwà rere àwọn awakọ̀. Lójú ọ̀nà tí ó ti Accra lọ sí Kumasi, ní oríta Suhum, níbi tí jàǹbá ti pọ̀ jọjọ, wọ́n to àwọn ilà gíga kéékèèké sí ojú títì, irú èyí tí ń mú kí ọkọ̀ gbọ̀n rìrì bí ó bá sáré gùn ún. Afukaar ará Kumasi, tí a ti dárúkọ rẹ̀, ni ó ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ó tẹ̀lé e. Láàrin oṣù kìíní ọdún 2000 sí oṣù kẹrin ọdún 2001, jàǹbá dín kù níbẹ̀ ní nǹkan bí 35 nínú ọgọ́rùn-ún, iye àwọn tí ó kú sì dín kù ní nǹkan bí 55 nínú ọgọ́rùn-ún. Kò sí ẹni tí ó yí ọpọlọ ọmọ Suhum padà láàrin oṣù wọ̀nyẹn. Kò sí ẹni tí ó pa òwe tuntun fún wọn. Ojú títì ni wọ́n tún ṣe, ikú sì dín. Bí ó bá jẹ́ pé àìgbọràn àwọn ẹlẹ́sẹ̀ nìkan ni ó ń fa ikú, ṣé ilà orí títì lè dín in kù bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, iṣẹ́ olùkọ́ nínú ọ̀ràn yìí hàn kedere. Lákọ̀ọ́kọ́, kí ó ṣíwọ́ dídá òkú ọmọ lẹ́bi níwájú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Irọ́ ni ó ń kọ́ wọn, ó sì ń gba awakọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ ìbéèrè tí ó tọ́ sí i. Lẹ́ẹ̀kejì, kí ó kọ́ ọmọ ní etí títì, kì í ṣe lórí ìjókòó nìkan: ibi tí a ti ń rí ọ̀nà jìnnà, ibi tí ọkọ̀ tí ó dúró kò ti bo ọmọ mọ́lẹ̀, ibi tí ẹni tí ń darí ọkọ̀ wà. Kí ó kọ́ wọn pé bí ọkọ̀ bá ti hàn lọ́ọ̀ọ́kán, bó ti wù kí ó dà bí ẹni pé ó dúró tó, kí wọ́n jẹ́ kí ó kọjá. Lẹ́ẹ̀kẹta, kí ó rí i pé àgbàlagbà ni ó ń di ọwọ́ àwọn ọmọ kéékèèké mú sọdá. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí a ní kí ó mú àbúrò rẹ̀ ọdún mẹ́fà dání kò tíì ní ojú àgbà. Afọ́jú méjì ni a so pọ̀.

Lẹ́ẹ̀kẹrin, èyí sì ni ó le jù, kí ọ̀gá ilé-ìwé àti ẹgbẹ́ àwọn òbí àti olùkọ́ kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, kí wọ́n kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n sì gbé e lọ sí ààfin ọba bí ó bá gbà bẹ́ẹ̀, títí tí ilà tàbí bọ́ǹpù yóò fi wà níwájú ilé-ìwé wọn. Bí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé bá kọjú sí títì ńlá, tí ọ̀nà kékeré sì wà lẹ́yìn, kí wọ́n lọ la ẹnu ọ̀nà mìíràn sẹ́yìn. Ìwé àbẹ̀wò ilé-ìwé ní ààyè fún iye tábìlì, iye ṣáláńgá àti ìwé orúkọ. Kò sí ìdí tí kò fi yẹ kí ó ní ààyè fún eré ọkọ̀ tí ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ pẹ̀lú, ó yẹ kí ẹni tí yóò kọ́ ọmọdé mọ̀ pé ojú ọmọdé kì í ṣe ojú àgbà tí ó kéré.

Ẹnì kan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Bí igba ènìyàn bá dúró sí etí títì, tí wọ́n jẹ́ kí ọkọ̀ máa fi eré 60, 80 kọjá níwájú ilé-ìwé, tí ọkọ̀ wá kọlu ọmọ kan tí ó dúró, tí ó wò, tí ó sì rí i bí ẹni pé kò sí ewu, kí igba ènìyàn náà má ṣe béèrè mọ́ pé kí ni ọmọ náà ń wò. Kí wọ́n béèrè ohun tí àwọn fúnra wọn ń wò láti ọjọ́ yìí wá.